Ṣé ó yẹ ká rìn jìnnà nítorí ilé ìwòsàn tó ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Jámánì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ ní ọmú rẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ibi tí wọ́n ti ní in tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ní ká dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ìwé yẹn ń mú kí ẹ̀mí gùn lóòótọ́, àbí ìpolówó lásán ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú. Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n yín ní àlàáfíà. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọkọ̀ ojú irin náà ni mo máa wọ̀.

Deutsche Krebsgesellschaft, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ ní Jámánì, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà láti ọdún 2003. Orí jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ò fi dandan mú ilé ìwòsàn láti gbà á, ẹni tó bá wù ló ń bọ́ sábẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn dókítà láti ibòmíràn á máa wá lọ́dọọdún, wọ́n á ṣí fáìlì àwọn aláìsàn, wọ́n á sì béèrè ìdí tí ìtọ́jú fi rí bó ṣe rí. Ibùdó ọmú gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán aláìsàn tuntun 100 lọ́dún. Ẹni tó ń gé ẹran ara lójoojúmọ́ mọ ibi tí jẹjẹrẹ ń sá sí ju ẹni tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ohun tí mo ka sí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìpàdé wọn. Oníṣẹ́ abẹ, dókítà tó ń fi ìtànṣán ṣe ìtọ́jú, dókítà tó ń fúnni ní kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), ẹni tó ń ka fọ́tò àyẹ̀wò àti ẹni tó yẹ ẹran ara wò lábẹ́ maikirosíkópù á jókòó papọ̀, fọ́tò ọmú á wà lójú ògiri. Oníṣẹ́ abẹ lè ní òun fẹ́ gé e kíákíá. Ẹni tó yẹ ẹran wò á wá sọ pé HER2, èròjà tó ń mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà, pọ̀ lára jẹjẹrẹ yìí, kókó náà sì ti tóbi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbà pé kí oògùn ṣáájú, kí kókó náà lè sún kì kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí ẹ bá lọ síbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń pinnu, iṣẹ́ abẹ náà lè ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan HER2.

Ṣé ó ń hàn nínú iye èèyàn tó ń yè? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní WiZen, tí Yunifásítì Dresden darí, lo àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera AOK àti ti àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀, láti 2006 dé 2017. Ewu ikú rẹlẹ̀ lára àwọn tó gba ìtọ́jú ní ibùdó tó ní ìwé ẹ̀rí. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ó rẹlẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ti ọmú sì sún mọ́ ọn. Ní ti ẹ̀dọ̀fóró, ìyàtọ̀ náà kéré gan-an. Ẹ má ṣì í kà o: kì í ṣe pé ènìyàn 25 nínú 100 ló yè sí i. Ká ní 20 nínú 100 ni ì bá kú láàárín ọdún mélòó kan, ó lè wálẹ̀ sí bíi 15. Èèyàn márùn-ún nìyẹn, ìyá àwọn ọmọ ni wọ́n.

Wọn ò fi ìbò pín àwọn aláìsàn sí ilé ìwòsàn, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le ló ń rìn jìnnà. Àwọn olùwádìí ṣírò ọjọ́ orí, ibi tí àìsàn dé àti àwọn àìsàn mìíràn mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà ò sì parẹ́.

Ní ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fọkàn balẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kì í sábà yí padà láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ọmú náà bá pọ́n, tó gbóná, tó sì ń wú kíákíá, ẹ pè wọ́n lónìí, kí wọ́n lè tètè rí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: irú jẹjẹrẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ilé ìwòsàn lè ní ti ìfun ńlá kó má ní ti ọmú. Ẹ wò ó lórí OncoMap, ìkànnì tí ẹgbẹ́ náà fi ń tọ́ka àwọn ibùdó wọn. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba èsì àyẹ̀wò ẹran ara àti àwọn fọ́tò ọmú lọ́wọ́ ilé ìwòsàn àdúgbò yín. Ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n yín ni. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó lè gba kẹ́mò nítòsí ilé, torí ọ̀pọ̀ ibùdó ló ń bá dókítà àdúgbò ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n pinnu ní ìpàdé náà.