Ìbọn Tí À Ń Ti Ẹnu Kì: Báwo Ló Ṣe Yẹ Kí Ọ̀pá Rẹ̀ Gùn Tó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pennsylvania ni mò ń gbé, mo ti pé ẹni ọdún 52. Ọkọ àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ibí, ló fà mí wọ iṣẹ́ ọdẹ, a jọ máa ń wọ igbó lẹ́yìn Kérésì nígbà sáà flintlock, ìyẹn ìbọn tí òkúta ń ṣáná fún, ìbọn ẹ̀ ni mo sì máa ń yá. Mo wá fẹ́ ra tèmi báyìí. Bàbá mi àgbà ṣọdẹ n'Ísẹ̀yìn, ṣakabùlà wọn gùn débi pé mo gbà lọ́mọdé pé gígùn yẹn gan-an lagbára ẹ̀. Mo rí èyí tí ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ 28 ínṣì, mo rí 36, mo rí 42, 42 ló wọ̀ mí lójú. Mi ò ga púpọ̀ o, fíìtì 5 àti ínṣì 5 ni mí, igbó tá à ń lọ sì dí gan-an. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó 42 yẹn. Ohun tẹ́ ẹ gbà lọ́mọdé yẹn, ọ̀pọ̀ wa la jọ gbà á, pé ìbọn tó bá gùn ló ń pa ẹran lókèèrè, ṣùgbọ́n gígùn ọ̀pá ò fi bẹ́ẹ̀ fún ìbọn lágbára tó bá a ṣe rò. Ètù dúdú tètè ń jó. Tẹ́ ẹ bá ki ètù gíréènì 70 (ìwọ̀n tá a fi ń wọn ètù) sínú ìbọn .50, ìyẹn èyí tí ihò ẹ̀ fẹ̀ tó ìlàjì ínṣì, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ ló ti ṣe kí ọta tó rin 28 ínṣì, ínṣì tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn kàn ń fi ìyára díẹ̀díẹ̀ kún un ni, àgbọ̀nrín tó bá dúró ní 50 yáàdì ò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa ki ètù púpọ̀ gan-an ló máa jàǹfààní ẹ̀. Àti pé inú ṣakabùlà bàbá yín àgbà dán ni, ráífù tẹ́ ẹ fẹ́ rà yìí ní ìlà tó lọ́ yípo nínú, ọta roboto kan ṣoṣo tá a fi àkísà wé ló ń ti ibẹ̀ jáde, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Kí ló wá dé táwọn ará àtijọ́ ṣe é gùn? Ìtàn ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ wà gan-an nìyẹn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó wá láti Jámánì sí agbègbè Lancaster, ráífù kúkúrú ni wọ́n mọ̀ nílé, ọ̀pá ẹ̀ ò ju bíi 30 ínṣì lọ, àmọ́ kí ọ̀rúndún 18 tó parí wọ́n ti fà á gùn dé 42, òmíì dé 46. Nígbà táwọn ọdẹ wá ń gẹṣin lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, Jacob àti Samuel Hawken, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní St. Louis, dín in kù sí bíi 34 sí 36, wọ́n sì mú kí irin ẹ̀ nípọn torí ọta ńlá. Ẹ rí i pé ibi tóníkálukú ń lọ ló wò kó tó ṣe tiẹ̀.

Ojú ni èrè 42 wà fún. Irin wíwò méjì ló wà lórí ìbọn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tí 20 ínṣì bá wà láàárín wọn, bíi ti ọ̀pá kúkúrú, tí tiwájú wá yẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ínṣì péré, bí ìnípọn pépà méjì ààbọ̀, ọta á ti fi nǹkan bí 0.9 ínṣì ṣì í ní 50 yáàdì. Tó bá jẹ́ 34 ínṣì ló wà láàárín wọn, bíi ti ọ̀pá gígùn, àṣìṣe yẹn kan náà ò ní ju bíi 0.5 lọ. Ẹ sì ti lé ní àádọ́ta, irin iwájú tó bá jìnnà sójú máa ń hàn kedere ju èyí tó wà nítòsí lọ, ẹ dẹ̀ ti mọ̀ ọ́n látorí ìwé kíkà. Ìdí tí mi ò fi ní ní kẹ́ ẹ mú 28 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dúró ná! Ìbọn tí ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ 42, gbogbo ara ẹ̀ máa tó bíi 58 ínṣì. Tẹ́ ẹ bá fìdí ẹ̀ kalẹ̀, ẹnu ìbọn àti ẹnu yín dọ́gba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé ojú lé ẹnu ìbọn tẹ́ ẹ̀ ń kì, láéláé. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ga bíi tiyín nínú yìnyín, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kó lè da ètù sí i, afẹ́fẹ́ fẹ́, ìlàjì ètù yẹn dà sára ìbọ̀wọ́ ẹ̀, kò wá mọ iye tó wọlé mọ́. Ìwọ̀n tún ńkọ́? Ọ̀pá onígun mẹ́jọ tó nípọn 15/16 ínṣì látìdí dénu, tí ihò ẹ̀ jẹ́ .50, tó bá jẹ́ 28 ínṣì á wọn bíi pọ́n-ùn 4.2, tó bá jẹ́ 42 á wọn bíi 6.3, iwájú sì ni gbogbo àfikún yẹn wà, ọwọ́ òsì yín ló máa gbé e látàárọ̀ dalẹ́.

Igbó yín náà ńkọ́, mountain laurel, igi kúkúrú tí ẹ̀ka ẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra, ló kún bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi náà ti gbé 42 wọ inú ẹ̀ rí, ẹnu ìbọn kọ́ ẹ̀ka kan, yìnyín tó wà lórí ewé já bọ́ sórí ìbọn, àwo kékeré tí ètù ìtanná wà ò sì sé dáadáa, omi wọlé. Àgbọ̀nrín dúró, mo fa tírígà, òkúta ṣáná, kò jó.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú 36, tẹ́ ẹ bá sì lówó sí i, ẹ wá 38 tó jẹ́ swamped, ìyẹn èyí tó nípọn nídìí, tó tín-ín-rín láàárín, tó wá fẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu, torí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ ju onígun gbọọrọ lọ. Ẹ bọ bàtà ọdẹ yín lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ gbé e ró, ẹ di ojú, ẹ tún là á, ẹ wò ó bóyá irin wíwò bára wọn mu láìjẹ́ pé ẹ̀ ń wá a. Látọdún 1974 ni sáà yín yìí ti wà, ihò ìbọn ò sì gbọ́dọ̀ kéré sí .44 fún àgbọ̀nrín, ẹ ṣáà yẹ ìwé òfin Game Commission, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọdẹ ní ìpínlẹ̀ yín, tọdún yìí wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi fún mi ní 42 ẹ̀, fíìtì 5 àti ínṣì 2 ni mí. Ṣé ká gé e?

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kàn án o. Tí wọ́n bá gé e, ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún rẹ́ gẹ́lẹ́ nítorí ibẹ̀ ni ọta ti ń kúrò, wọ́n á ṣí irin iwájú nípò, igi ìdí ìbọn àti ọ̀pá ìkìbọn náà á tẹ̀lé e, owó tẹ́ ẹ máa ná sí i lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíì. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìdí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì níta, kẹ́ ẹ dà á síwájú kí ẹnu ẹ̀ jìnnà sójú yín, kẹ́ ẹ wá kì í bẹ́ẹ̀. Tí apá bá ṣì ń ro yín lẹ́yìn ìbọn márùn-ún, ẹ tà á fẹ́ni tó ga, kẹ́ ẹ ra 32.