Kí ló dé tí Kaddish ọmọ Júù kì í pé ọdún?

Ẹnì kan ní òun gbọ́ tí oníwàásù kan sọ lórí rédíò pé àwọn Júù kò gbà pé ohunkóhun wà lẹ́yìn ikú, pé ayé yìí nìkan ni wọ́n mọ̀. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ó ní, kí ló dé tí ọmọ Júù tí bàbá rẹ̀ kú fi ń lọ ka àdúrà tí wọ́n ń pè ní Kaddish lójoojúmọ́ fún oṣù 11, tí kì í jẹ́ kó pé ọdún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún oníwàásù yẹn kó tún Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ kà. Ọ̀rọ̀ àwọn Sadusí ló ń sọ. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 23 kò fi bò pé àwọn yẹn ló ní kò sí àjíǹde, àti pé àwọn Farisí gbà pé ó wà. Nígbà tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70, ẹgbẹ́ Sadusí bá a lọ. Àwọn rábì tó rọ́pò wọn kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn, Mishnah, pé gbogbo Ísírẹ́lì ló ní ìpín nínú ayé tó ń bọ̀, àfi àwọn kan. Ẹni tí wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ pé kò ní ìpín ni ẹni tó bá ní àjíǹde òkú kò sí nínú Òfin Mósè. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Júù tó ń kírun wọn dáadáa ń yin Ọlọ́run tó ń jí òkú dìde. Kí ló tún kù?

Oṣù 11 yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì, torí lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ wọn wà. Ẹni tó bá ń wá òpópónà wúrà lọ́dọ̀ Júù á wá a títí. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàpèjúwe ọ̀run. Ohun tí alààyè máa ṣe nítorí òkú ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.

Nínú Mishnah kan náà ni Rábì Akiva ti sọ pé oṣù 12 ni ìdájọ́ àwọn ẹni burúkú ní Gehinnom, ibi ìyà lẹ́yìn ikú. Ẹ gbọ́ o, oṣù 12, kì í ṣe títí ayé. Lóòótọ́, Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Mishnah, ní àwọn ọ̀daràn kan wà tí tiwọn kò ní lópin, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò pọ̀.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń pa láti ọdúnmọ́dún nípa Akiva yìí. Ó rí ọkùnrin kan níhòòhò, ó dúdú bí èédú, ó ru ìdì igi ńlá, ó ń sáré. Akiva dá a dúró: “Bó o bá jẹ́ ẹrú, tí ọ̀gá rẹ ń fìyà jẹ ọ́, màá rà ọ́ padà.” Ọkùnrin náà ní kó jẹ́ kí òun máa lọ, òkú ni òun. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rán òun lọ ṣẹ́ igi, igi yẹn náà ni wọ́n sì fi ń dáná sun òun. Kí ló ṣe? Agbowó òde ni nígbà ayé rẹ̀: ó ń ṣojúsàájú fún olówó, ó ń pa tálákà. Ó ní òun gbọ́ pé bí òun bá lọ́mọ tó lè dúró láàárín ìjọ, kó yin Ọlọ́run, kí ìjọ dá a lóhùn, wọn yóò tú òun sílẹ̀; ṣùgbọ́n inú oyún ni òun fi ìyàwó sí. Akiva wá ìlú ọkùnrin náà lọ. Bó ti dárúkọ rẹ̀, èpè ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó rí ọmọ náà, wọn kò tiẹ̀ kọ ọ́ nílà. Ó kọ ọ́ nílà, ó ń kọ́ ọ níwèé, ìwé kò wọlé. Akiva gbààwẹ̀ 40 ọjọ́ kí ọmọ yẹn tó mọ̀wé. Lọ́jọ́ tó dúró níwájú ìjọ, tó yin Ọlọ́run, wọ́n tú bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ yẹn kò bẹ̀bẹ̀ fún òkú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kaddish: ìyìn orúkọ Ọlọ́run ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dárúkọ ikú lẹ́ẹ̀kan. Wíwà tí ọmọ wà níbẹ̀, tó ń mú kí àwọn mìíràn ṣe àmín, òun ni ẹ̀rí tó ń gbe bàbá.

Mo bá Júù kan ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọ̀gá mi ni. Tírọ̀lẹ́ bá ti ń lé, ì báà jẹ́ oníbàárà ló wà níwájú rẹ̀, á wọ kóòtù, ó di sínágọ́gù, torí ọkùnrin mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kó tó lè ka Kaddish. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó jókòó jẹ́ẹ́ lásìkò yẹn. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ọdún ti pé ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ó ku oṣù kan. Ṣé o fẹ́ kí n sọ bàbá mi di ìkà ènìyàn ni?”

Àlàyé rẹ̀ nìyẹn. Ìkà ló ń lo oṣù 12 pé. Ọmọ tó bá kà á dé oṣù 12 ti jẹ́rìí sí i pé ìkà ni bàbá òun. Rábì Moses Isserles ti Kraków ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn, pé àṣà ni kí wọ́n dá a dúró ní oṣù 11.

Àwa náà ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n ìsìnkú tiwa ti di aṣọ ẹbí àti fọ́tò. Tó bá di Mọ́ńdè, kálukú ti bá tiẹ̀ lọ. Láti ayé Àjàyí Crowther la sì ti ń ka ìwé àwọn Júù, a kì í béèrè ohun tí onílé ń ṣe nílé rẹ̀.

Ní ti òpin ayé, wọ́n ṣì ń retí Mèsáyà. Maimonides, rábì ńlá ayé àtijọ́, fi bíbọ̀ rẹ̀ ṣe ìkejìlá, ó fi àjíǹde ṣe ìkẹtàlá nínú ìlànà ìgbàgbọ́ 13 tó tò. Torí àjíǹde náà ni ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ kí wọ́n sin àwọn sórí Òkè Ólífì. Talmud sì ṣépè fún ẹni tó bá ń ṣírò ọjọ́ òpin, ìyẹn kò sì ní kí Sabbatai Zevi má tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ pé òun ni Mèsáyà, kó tó di Mùsùlùmí níwájú sọ́tánì lọ́dún 1666. Àtúnwáyé náà wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ Kabbalah, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ awo àwọn Júù, pàápàá àwọn ti ìlú Safed ní Gálílì, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ pariwo pé Babátúndé ni. Rábì ńlá kan, Saadia Gaon, ti fi í ṣẹ̀sín ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́fà ṣáájú àwọn ará Safed yẹn.

Àwọn Júù tó kọ àjíǹde ara náà wà lónìí. Lọ́dún 1885, àwọn rábì ẹgbẹ́ alátùn-únṣe pàdé ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn kò gba àjíǹde ara mọ́, wọn kò gba Gehinnom gẹ́gẹ́ bí ibi ìyà ayérayé, ọkàn nìkan ni wọ́n ní kì í kú. Síbẹ̀, ẹ lọ sí sínágọ́gù àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn lónìí, tọkùnrin tobìnrin ló ń dìde ka Kaddish.