Èsì: Bí ẹ ṣe lè béèrè nípa ìlú kan kí àwọn ará ibẹ̀ sì dá yín lóhùn

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú tí ẹ fẹ́ kó lọ pé "Àdúgbò wo ló dára?", kò sì sẹ́ni tó fèsì. Kì í ṣe pé wọn ò kà yín sí. Ìbéèrè yẹn ló gbòòrò jù. Ibi tó tu ẹni tó ní ọmọ kéékèèké lára lè má bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru mu rárá.

Ẹ tún un kọ báyìí: "Mo ń kó bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àárín ìlú ni mo ti máa ṣiṣẹ́, mi ò ní mọ́tò, aago 11 alẹ́ ni mo sì máa ń ṣíwọ́. Àdúgbò méjì yìí ni mo ń wò. Ṣé bọ́ọ̀sì ṣì máa ń ná ibẹ̀ nígbà yẹn?" Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ á ti mọ ohun tó máa sọ kó tó kà á tán. Ẹ fi orúkọ àdúgbò náà sínú àkọlé gan-an. Àkọlé nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ìbéèrè àtijọ́ o. Bí ẹ bá rí èsì tó ti pẹ́, ẹ sọ pé ẹ ti kà á, kí ẹ wá béèrè ohun tó ti yí padà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ilé kún ìbéèrè yín, ọ̀rọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Fóònù lè tọ́jú ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ètò yẹn kí ẹ tó ya ilé tí ẹ fẹ́ gbà, ẹ má sì kọ àdírẹ́sì yín síta.

Bí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, torí ẹlòmíì ń bọ̀ tó máa béèrè irú ẹ̀.