Mo pa .env rẹ́ lórí GitHub: ṣé ó ti parí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Laravel ni mo fi kọ ètò ìtajà kan, MySQL ni dátábéèsì rẹ̀. Mo ṣèèṣì gbé fáìlì .env, tí páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì wà nínú rẹ̀, lọ sórí GitHub níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Mo ti pa á rẹ́, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú .gitignore, àkójọ àwọn fáìlì tí Git kò gbọ́dọ̀ gbé. Ṣé ó ti parí?

ÌDÁHÙN: Kò tíì parí o. Ohun tí ẹ pa rẹ́ lónìí ṣì wà nínú àwọn commit àtẹ̀yìnwá, ìyẹn àwọn ẹ̀dà iṣẹ́ yín tí Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ti fi pamọ́. Ẹni tó bá ṣe git log -p, àṣẹ tó ń fi gbogbo àyípadà hàn, yóò kà á ketekete. Fáìlì tí Git kò tíì máa tọ́jú nìkan ni .gitignore ń dí lọ́nà.

Páásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, lónìí yìí. Nínú MySQL: ALTER USER 'itaja'@'localhost' IDENTIFIED BY, kí páásíwọ́ọ̀dù tuntun tẹ̀ lé e (ẹ fi orúkọ tí ètò yín fi ń wọ MySQL rọ́pò itaja). Ẹ kọ ọ́ sínú .env orí sáfà, kí ẹ sì tún ṣe php artisan config:cache, àṣẹ tó ń kó àwọn ètò inú .env pamọ́ sójú kan. Bí ẹ bá ti ṣe àṣẹ yìí rí, Laravel kò ní ka .env mọ́, páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ni yóò máa gbé lọ bá MySQL, MySQL yóò sì kọ̀ ọ́. Gbogbo àṣírí yòókù nínú fáìlì náà ti tú pẹ̀lú: APP_KEY (kọ́kọ́rọ́ tí Laravel fi ń ti dátà pa), ti ímeèlì, ti owó sísan. Ẹ pààrọ̀ wọn. Irinṣẹ́ git filter-repo lè fọ ìtàn náà, àmọ́ kò lè dé orí ẹ̀dà tí ẹlòmíràn ti gbé lọ.

Lórí sáfà, bí PHP bá ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí www-data (orúkọ aṣàmúlò tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́), ẹ ṣe chown root:www-data .env, lẹ́yìn náà chmod 640 .env: root lè kọ ọ́, PHP lè kà á, ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn án. Fóldà public ni kí sáfà máa fi han ayé, kì í ṣe fóldà ètò lódindi. Ẹ wá .env.bak àti irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kiri, ẹ kó wọn kúrò. Àwọn kan á sọ páásíwọ́ọ̀dù di base64, ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn lásán, wọ́n á ní àwọn ti tì í pa. Àṣẹ kan péré ló ń tú u.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ètò tó ń fi root, orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ, wọ MySQL. Àṣẹ SELECT (kíkà), INSERT (fífi kún), UPDATE (yíyípadà) àti DELETE (pípa rẹ́) lórí dátábéèsì kan ṣoṣo yẹn ti tó o fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Migration tó ń dá tábìlì sílẹ̀ ló nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ dá orúkọ aṣàmúlò mìíràn sílẹ̀ fún un nínú MySQL, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ má sì sí nínú .env orí sáfà.