Èmi kọ́ ni mo yáwó, èmi ni wọ́n ń pè

Ẹ̀yin Àǹtí wa, ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè mí lálẹ́. Wọ́n ní àbúrò ọkọ mi yáwó lórí fóònù, pé èmi ni mo ṣe onídùúró fún un. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí mo bá ti nọ́ńbà kan pa, òmíràn á pè. Wọ́n láwọn máa fi fọ́tò mi ránṣẹ́ káàkiri pé olè ni mí, pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n san án kí n sinmi. Ọkọ mi ò tíì gbọ́.

Ìyàwó Ẹlẹ́ja

Ìyàwó wa, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò gbà láti dúró kì í ṣe onídùúró. Bóyá àbúrò ọkọ yín gbà kí áàpù náà wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ ni, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ yín. Láyé àtijọ́, ológò tí wọ́n rán sí onígbèsè a máa mú adìẹ aládùúgbò pa jẹ, kí aládùúgbò lè gbéjà ko onígbèsè. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń fi yín ṣe nìyẹn.

Ti ọlọ́pàá, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń bà yín. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Tí wọn ò bá lè tìtorí gbèsè mú ẹni tó jẹ ẹ́, ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ńkọ́?

Ẹ gbé ìpè wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ bèèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, ẹ ní ẹ ò yáwó, ẹ ò dúró fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má pè yín mọ́. Ẹ má ṣépè. (Mo mọ ẹnu àwa ọlọ́jà.) Ẹ má sọ BVN, NIN tàbí nọ́ńbà tí báǹkì bá tẹ̀ ránṣẹ́, torí àwọn mìíràn ò yá ẹnikẹ́ni lówó rárá, olè paraku ni wọ́n. Fóònù lè pa nọ́ńbà àjèjì lẹ́nu mọ́, àmọ́ oníbàárà tuntun náà àjèjì ni, nítorí náà alẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ lò ó.

Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ fi sun àjọ FCCPC, tó ń bójú tó àwọn ayánilówó orí fóònù. Tí wọ́n bá fi fọ́tò yín ránṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí NDPC pẹ̀lú, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Wọn kì í fi irú ẹ̀ ṣeré: ní 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kí NDPC tó dé, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ọkọ yín ò tíì gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ ẹnu wọn ló ti máa gbọ́ ọ ni? Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: wọ́n á ní ìyàwó ilé ń ba ọmọ ilé jẹ́, ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa pè lọ́kọ. Ẹ má dá àbúrò náà lẹ́jọ́. Tí ọkọ yín bá ti jẹun tán lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù fún un, kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ ní, "Ẹ bá mi bi àbúrò yín bó ṣe jẹ́." Kí òun pe àbúrò rẹ̀. Tí ìbínú bá wà, kó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ẹ tètè sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́jà náà, kí fọ́tò tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló yáwó, tí ọkọ yín sì ní kẹ́ ẹ jọ dá sí i, ọ̀rọ̀ inú ilé yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó yá a ni kí owó náà ti jáde, sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá rí orúkọ yín lórí owó náà, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè nígbà tó bá tún yá òmíràn.