Ṣé dandan ni kí a mọ ohun tó mú oníṣọ̀nà ṣe iṣẹ́ kan kí iṣẹ́ náà tó lè wọ̀ wá lọ́kàn?

Rárá, kò pọn dandan. Ohun tó mú ẹni kan ṣe iṣẹ́ ọnà lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe lọ́kàn ẹni tó ń wò ó.

Ẹ wo àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ní gúúsù Kwara. Wọ́n tó nǹkan bí 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n kọlà, wọ́n sì ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn kan mú ohun ìjà dání. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹni tó gbẹ́ wọn tàbí ìdí tó fi gbẹ́ wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà tilẹ̀ ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n, kò sí agbẹ́re kankan nínú ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú ń ṣọdún wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n sì ṣí síbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dáda ní Ìlọrin ńkọ́? Àtijẹ ni tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìkòkò náà lè gbé e sí pálọ̀ torí ẹwà lásán.

Orin dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin tí wọ́n fi ń kì èèyàn, yàtọ̀ díẹ̀. Àlejò lè gbádùn ìlù àti ohùn, àmọ́ bí kò bá lóye oríkì tí wọ́n ń kì, kò ní mọ ìdí tí orí ẹni tí wọ́n ń kì fi ń wú tó fi ń náwó.