Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iṣẹ́ Ńlá, Owó Kékeré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọ́fíìsì ni mò ń gbá, tí mò ń nù. Ìwé àdéhùn mi ní wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wọn kì í jẹ mí lówó oṣù, àmọ́ owó náà kì í dé ibì kankan, ó sì máa ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Ọ̀gá ní èmi ni n kò mọ owó ná. Ṣé òótọ́ ni? — Agbálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tí wákàtí kan ń mú wọlé fún yín, nítorí owó oṣù nìkan kò lè sọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ máa kọ aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ parí sínú ìwé kékeré kan. Ìgbà tí ẹ ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí ẹ ń pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá fi 52, iye ọ̀sẹ̀ inú ọdún, sọ wákàtí ọ̀sẹ̀ kan di púpọ̀, kí ẹ fi oṣù 12 pín in, ẹ ó rí wákàtí oṣù kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, àmọ́ oṣù ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 57 lọ́sẹ̀, tó sì fi 4 ṣírò, ti gbàgbé wákàtí 228 lọ́dún.

Ká sọ pé owó oṣù jẹ́ 62,400, owó ilẹ̀ yòówù kó jẹ́. Lórí ìwé, wákàtí 48 lọ́sẹ̀ jẹ́ 208 lóṣù, wákàtí kan sì jẹ́ 300. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú 30 ṣáájú lójoojúmọ́ láti múra, tí ẹ sì ń lo wákàtí kan sí i lálẹ́ kí iṣẹ́ tó parí, wákàtí 57 ni lọ́sẹ̀, 247 lóṣù. Ẹ yọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ná yín: owó ọkọ̀, bàtà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, oògùn ẹ̀yìn dídùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 13,000, ó ku 49,400. Ẹ fi 247 pín in, 200 ni. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan owó oṣù yín.

Ẹ tún ka iye yàrá tí ẹ ń tọ́jú nígbà tí wọ́n gbà yín, kí ẹ fi wé ti ìsinsìnyí. Bí ẹnì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tí wọn kò gba ẹlòmíì, tí wọ́n pín yàrá rẹ̀ fún ẹ̀yin tó kù, wọ́n ti dín owó yín kù láìsọ̀rọ̀. Èyí wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ìmọ́tótó, àmọ́ ó rọrùn láti gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2021, WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) àti ILO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) gbé ìwádìí jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ga ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Iye aṣọ tí mo bá rán ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Ọ̀gá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni aṣọ kan, pé ó yẹ kí n rán 48 ní wákàtí mẹ́jọ. N kì í rán ju 36 lọ. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni? — Aránṣọ

ÌDÁHÙN: Rárá o. Aṣọ kan péré ni wọ́n fi wọn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Wọn kò ka òwú tó já, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́, aṣọ gígé tí ẹ dúró dè, àti èyí tí alábòójútó ní kí ẹ tú. Bí ìwọ̀nyí bá gba wákàtí méjì, mẹ́fà ló kù fún rírán, 36 gẹ́lẹ́ sì ni. Ẹ kọ ìṣẹ́jú ìdúró sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ti ìtúnṣe sọ́tọ̀. Ọ̀gá ló ń ṣètò iṣẹ́, òun ló yẹ kó ru ẹrù ìdúró. Ẹ má kàn bẹ̀ ẹ́ kó fowó kún aṣọ kan. Ẹ ní kó fọwọ́ sí iye tó kéré jù tó máa san fún wákàtí kan, bí aṣọ wà, bí kò sí.

ÌBÉÈRÈ: Ilé arúgbó tí mò ń tọ́jú ni mò ń gbé. Alágbàtà tó bá mi wáṣẹ́ ń yọ nínú owó mi lóṣooṣù kí n má bàa pàdánù iṣẹ́ náà. Mo máa ń jí lóru, wọ́n ní oorun ni mò ń sùn. — Olùtọ́jú

ÌDÁHÙN: Àdéhùn ILO Nọ́ńbà 95 ti 1949 kà á léèwọ̀ kí wọ́n yọ owó òṣìṣẹ́ fún ọ̀gá tàbí alágbàtà kó lè rí iṣẹ́ tàbí kó má bàa pàdánù rẹ̀. Nọ́ńbà 189 ti 2011, tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé, ní kí ìsinmi ọ̀sẹ̀ má dín ní wákàtí 24 láìdádúró. Ó tún ní kí wọ́n ka àkókò tí ẹ wà ní sẹpẹ́ nítorí ìpè mọ́ wákàtí iṣẹ́, débi tí òfin ilẹ̀ bá là á sílẹ̀ dé. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí àdéhùn wọ̀nyí ni wọ́n de, nítorí náà ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni kí ẹ ti béèrè bóyá tiyín wà níbẹ̀.

“Mò ń jí lóru” kò ní tó níwájú wọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti ohun tí ẹ ṣe: “2:10 sí 2:45, mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.” Ẹ kọ iye tí alágbàtà yọ àti ọjọ́ tó yọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kì í gbé inú ilé náà, nítorí ìwé tó wà nílé ọ̀gá lè dàwátì lọ́jọ́ tí ẹ bá béèrè owó yín.